Kóòṣì Tó Ń Bẹ̀rù Òrùlé

Mo fi eyín mẹ́rin tó kù sí mi lẹ́nu búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ìyàwó mi ní mẹ́ta ló kù, kì í ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ má dá a lóhùn. Àárọ̀ kùtù ló kà á, ojú rẹ̀ kò tíì là. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, já bọ́ sínú ife tíì mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi máa ń sọ pé bí Bàbá Àgbà bá rí aláǹgbá lójú ọ̀nà, kó tó délé, aláǹgbá ti di ọ̀nì. Ó dáa. Ti òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláǹgbá. Ọ̀rọ̀ ọkọ ọmọ mi ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kóòṣì, tó fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọbìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ní bọ́ọ̀lù alágbọ̀n, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú agbọ̀n tó wà lókè.

N ò rí ojo bíi tirẹ̀ rí. Ohun tí mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé mi nítorí ọmọbìnrin mi kejì, ọkùnrin náà ga débi pé orí rẹ̀ ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti mu omi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé. Mo ti múra láti dẹ́rù bà á. Mo wọ aṣọ tó le, mo lejú koko. Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó wo ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tún wo àjà. Ìgbà náà ló tó kí mi.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kan àjà yìí?”

“Èmi ni mo kàn án.”

“Ẹ ṣeun, sà,” ló wí, ó sì gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún ìyàwó mi pé, “Ọkùnrin tí àjà ń bà lẹ́rù, ṣé òun ló máa gba ọmọ wa lọ́wọ́ olè?”

Ìyàwó mi ní, “Ìwọ tí o kan àjà náà, ṣé kì í ba ìwọ lẹ́rù ni?”

Ọdún kẹta tí wọ́n fẹ́ra wọn ni ọmọ mi tó sọ ohun tó fà á fún mi. Ó ń tún àpótí aṣọ tò, ó rí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ya láti ọrùn dé ìdí. Ó fẹ́ fi í ṣe ìnulẹ̀. Kóòṣì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wo eré nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Nǹkan kan dún gbàmù lókè. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó dún. Ó lè jẹ́ gílóòbù kan ló fọ́. Ẹnì kan pariwo pé, “Ó ń wó o!” Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, o yà fún mi. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí. Kóòṣì ní èrò gbé òun débi pé ẹsẹ̀ òun ò kanlẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Ó ní òun gbọ́ tí aṣọ ya. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ò mọ ọwọ́ náà lára mọ́.

Gbọ̀ngàn yẹn kò wó o. Ó ṣì wà níbẹ̀. Èrò ló pa àwọn tó kú.

Mo gbọ́ ìtàn yìí, àánú rẹ̀ ṣe mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn, ọjọ́ ogbó mi kò tíì tún un ṣe.

Gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rí. Wọ́n kó ẹrù jáde, wọ́n fi pákó tẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbé agbọ̀n kọ́ sí orí kìíní àti orí kejì, wọ́n ní ó ti di gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Ìlẹ̀kùn méjì ló ní, ńlá iwájú àti kékeré ẹ̀gbẹ́. Òrùlé rẹ̀ ga fíofío, páànù lórí ọ̀pá irin tí wọ́n fi bóòtì, ìyẹn ìṣó onínọ́ọ̀tì, dè mọ́ra. Nígbà tí Kóòṣì débẹ̀, agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló bá, àti bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí méjì ń jò. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, á bọ́ bàtà, á fi ẹsẹ̀ lásán rin pákó náà láti igun dé igun, kó lè mọ èyí tó ń mì. Á gbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Á wá dúró ní àárín, á dijú, á máa gbọ́.

Bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn. Á ní kí wọ́n dijú, kí ẹnì kan máa gbá bọ́ọ̀lù kiri, kí àwọn tó kù nawọ́ sí ibi tó wà. “Ojú máa ń wo ohun tó bá wù ú,” ló máa ń sọ. “Etí kì í ṣojúsàájú.” Àwọn ọmọ náà kì í ga bí àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ míì, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbọ́ra wọn. Ọ̀kan á ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láì wẹ̀yìn, èkejì á ti nawọ́ sílẹ̀ dè é. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dé àṣekágbá ìdíje, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fìdí rẹmi. Àpótí gíláàsì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé sẹ́nu ọ̀nà fún ife ẹ̀yẹ náà ṣófo fún ọdún méjìlélógún. Òkú eṣinṣin méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mo máa ń kí wọn bí mo bá ń kọjá.

Òwúrọ̀ Sátidé ni ti àdúgbò. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Á ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó bá wù á wọlé: àwọn ọmọ tí kò níbi ìṣeré, àwọn mẹkáníìkì tó fẹ́ na ẹ̀yìn, àwọn ìyá tó fẹ́ kí ikùn wọn lọọlẹ̀, àti àwa arúgbó tí a wá jókòó láti fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù. Aránṣọ kan wà láàárín àwọn ìyá náà, obìnrin tó sanra, tí ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ju bọ́ọ̀lù sí agbọ̀n, kò wọlé lẹ́ẹ̀kan, Kóòṣì sì ń sọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, “Ó kù díẹ̀, Ìyá.”

Ṣùgbọ́n kò sí Sátidé tí kì í parí pẹ̀lú ohun kan tó ń bí wa nínú. Kóòṣì á fọn fèrè kúkúrú mẹ́ta. Fíì! Fíì! Fíì! Ibi yòówù kí o wà, o gbọ́dọ̀ dìde, kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ, kí o rìn jáde gba ìlẹ̀kùn tó sún mọ́ ọ. O ò gbọdọ̀ sáré. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. O ò gbọdọ̀ padà lọ mú nǹkan kan, ì báà jẹ́ bàtà rẹ. Ìrìn eèrà la sọ ọ́.

“Kóòṣì,” aránṣọ máa ń bèèrè, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó wa sáré jáde yìí, ta ló ń lé yín?”

“A kì í sáré, Ìyá. À ń rìn ni.”

Èmi náà á dá tèmi sí i: “Bí òrùlé bá máa wó, kó kọ́kọ́ wó pa àwa arúgbó, kí àyè lè gba àwọn ọmọdé.” Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Kóòṣì kì í rẹ́rìn-ín. Á kàn gbé ọwọ́ mi lé èjìká ẹni iwájú, bí ẹni tó ń wọ aṣọ fún ọmọ.

Ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ dé. Oṣù yẹn gan-an ni yóò fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tún dé àṣekágbá, ó sì bọ́ sí i pé gbọ̀ngàn tiwa ni wọ́n ti máa gbá a. Inú gbogbo àdúgbò dùn. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi rọ̀. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tóbi débi pé mo fi ọ̀kan wẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ karùn-ún òjò náà, bí Kóòṣì ṣe dúró ní àárín pákó tó dijú, ó gbọ́ ọ. “Kíńn.” Ohùn kékeré, bíi ti ẹni tó ń tẹ ṣíbí kọ́. Ó wá láti igun ọ̀tún òrùlé, lókè ibi tí àwọn àlejò, ìyẹn ẹgbẹ́ tó wá bá wa gbá àti èrò wọn, máa ń jókòó sí. Ó dúró fún wákàtí kan. Ó tún gbọ́ ọ: “Kíńn.”

Ó pe jórin-jórin kan, wọ́n gbé àkàbà tó ga jù lọ wá. Ọkùnrin náà gùn ún, ó pẹ́ lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́.

“Kóòṣì, ìpẹtà ti wọ inú bóòtì yẹn dé ibi tí ojú mi ò lè dé. Mo lè sọ pé ó dáa. Mo lè sọ pé kò dáa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n ò ní sùn lábẹ́ rẹ̀.”

Kóòṣì lọ bá ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ mi wà níbẹ̀, torí òun ni akọ̀wé, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí.

“Ẹ ò ṣe fọkàn balẹ̀, Kóòṣì? Ẹni tó ń yẹ ilé wò wá lọ́dún tó kọjá, ó buwọ́ lù ú.”

“Lọ́dún tó kọjá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.”

“Kí ni kò tíì sọ̀rọ̀?”

“Òrùlé.”

Ọ̀gá àgbà ní, “Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé òrùlé ló ń bà yín lẹ́rù, àbí àwọn àlejò tó ń bọ̀? Bá a bá ní a ò lè gbà wọ́n lálejò, ńṣe ni àwọn aláṣẹ ìdíje máa gbé ife fún wọn. Ṣé ọwọ́ òfo lẹ fẹ́ gbé lọ sílé?”

“Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí igun yẹn nígbà náà.”

“Kí àwọn àlejò jókòó síbo? Sórí mi?”

Ọmọ mi wá bá mi lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. “Bàbá, kò jẹun. Ó ń gbé àga kiri ilé, ó ń fi etí lé ògiri. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.” Mo lọ. Ó dúró lórí àga nínú yàrá ìdáná, ojú rẹ̀ ti wọnú.

“Bàbá,” ló wí, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, “ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Bí mo bá dákẹ́, irin yẹn lè wó lé wọn. Bí mo bá pariwo, wọ́n á tẹ ara wọn pa lẹ́nu ọ̀nà. Èwo ni kí n yàn?”

Mo ní kó lọ sùn. Mo ní ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Mo rò pé mo gbọ́n.

Kò sùn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú eré, ó rìn nínú òjò láti ilé dé ilé àwọn ará Sátidé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: “Bí ẹ bá gbọ́ fèrè mẹ́ta lọ́la, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe bá a ṣe máa ń ṣe.”

Aránṣọ ní, “Lọ́jọ́ ìdíje? Kóòṣì, ṣé ara yín yá?”

“Ẹ ṣèlérí fún mi, Ìyá.”

Ó ṣèlérí. Ó ní kì í ṣe nítorí òrùlé, nítorí ojú ọkùnrin náà ni.

Ọ̀sán ni eré. Gbọ̀ngàn kún bámúbámú, ẹgbẹ̀ta èèyàn, àwọn tiwa lósì, àwọn àlejò lọ́tùn-ún. Òjò ń lu páànù débi pé a ní láti pariwo ká tó gbọ́ra. Ìlà kejì ni mo jókòó sí, lẹ́yìn Kóòṣì gan-an. Gbogbo èèyàn ń wo bọ́ọ̀lù, òun ń wòkè. Àwọn àlejò fi àmì mọ́kànlá ṣíwájú wa. Mo ti ń ṣépè lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ra wọn. Ó ku mẹ́sàn-án. Ó ku mẹ́fà. Ó ku mẹ́rin. Ó ku méjì péré, ìṣẹ́jú méjì ló sì kù kí eré parí. Àwa ará àdúgbò ti wà lórí ìdúró, a ti ń nawọ́ sí ife náà lórí tábìlì.

Ìgbà náà ni mo rí i. Omi pupa, omi ìpẹtà, kán sí ọrùn ọwọ́ Kóòṣì. Ó wò ó. Kò nù ún. Nǹkan kékeré kan wá já bọ́ láti òkè, tíń, ó yí lórí pákó, ó wá dúró lẹ́bàá bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Bóòtì ni. Orí rẹ̀ ti já, ojú ibi tó ti já ń dán bí eyín tuntun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n n ò rí ojú èèyàn tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ó wo igun náà. Ó wo ẹgbẹ̀ta èèyàn àti ìlẹ̀kùn méjì. Ẹnu rẹ̀ là, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, mo mọ̀ pé igbe ló fẹ́ ké. Ó pa ẹnu náà dé. Ó fi fèrè sí i.

Fíì! Fíì! Fíì!

Balógun ẹgbẹ́ wa ló ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó kọjú sí agbọ̀n, kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ rọra bí ẹni gbé ẹyin, ó yíjú padà, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó sún mọ́ ọn. Àwọn ará Sátidé dìde. Rẹfirí sáré wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ta ló fọn fèrè? Kóòṣì, ìjìyà nìyí!”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ yìí. Ìta ni kẹ́ ẹ ti fìyà jẹ mí.”

Ṣùgbọ́n àwọn àlejò, ta ló kọ́ wọn? Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, irin yẹn wà lórí wọn. Aránṣọ ló la gbọ̀ngàn kọjá lọ bá wọn. Ó gun àga wọn dé abẹ́ igun náà gan-an. Obìnrin tó máa ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró, kò gbé ohùn sókè. “Ẹ dìde. Ọwọ́ lórí èjìká. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.” Mo rò pé ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n dìde.

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó, mo gbọ́ òjò, mo sì gbọ́ ọ níkẹyìn, èmi tí mo ti ń fi í ṣẹ̀sín: “Kíńn.” Ọmọ kékeré kan ní, “Mámà, ibo là ń lọ?” Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sí èjìká ẹni iwájú. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré.  Ọwọ́ ọmọ mi tó wà lẹ́yìn mi ló dá mi dúró. Bó ṣe ń tẹ èjìká mi, mo mọ̀ pé bí mo bá sáré, òun náà á sáré, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ á sáré, ọ̀rọ̀ á sì di ti gbọ̀ngàn ọjọ́sí. Mo rìn. Gbogbo wa rìn. Ẹnikẹ́ni ò ṣubú.

Kóòṣì ló jáde kẹ́yìn. Ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ láti inú, ó fa ti iwájú dé, ó fi ẹ̀yìn tì í.

Òrùlé kò wó.

A dúró sínú òjò. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára, eyín ń gbá eyín, ti àwọn tó ní eyín. Gbọ̀ngàn dúró gbọin. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀gá àgbà là wá síwájú.

“Kóòṣì, iná dà?”

“Kò sí iná.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

Kóòṣì la àtẹ́lẹwọ́. Bóòtì náà ni.

“Nítorí bóòtì kan?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì, kó tó dé ẹ̀yìn ó ti di ìbínú. Bàbá kan wá bọ́ síta láti inú èrò. Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ dáadáa. Ó dé fìlà aláwọ̀ eérú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú òsì rẹ̀ funfun, àpá ńlá kan wà lágbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. N ò mọ ìdílé rẹ̀. N ò mọ ibi tó ti wá.

“Ojo!” ló pariwo. “Ojo ni ọ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́! Ọdún méjìlélógún lo fi ń dà wá bí ewúrẹ́. Ife wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ku ìṣẹ́jú kan, o sá! Yàgò, ká wọlé!”

Bí ẹni ṣáná sí koríko gbígbẹ ni. “Ojo! Ojo!” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì síwájú, ti ẹ̀yìn ń ti ti iwájú, gbogbo wọn sí ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo. Mo wo ẹsẹ̀ Kóòṣì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá náà fi ọ̀pá tì í láyà.

“Ẹ lù mí bó bá wù yín, Bàbá,” ni Kóòṣì wí. “Ẹ ò ní wọlé.”

Àwọn ọmọbìnrin méjìlá rẹ̀ fi ara há sáàárín, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká ara wọn, wọ́n di ògiri níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ọ.

Kò dún gbàmù. Bí ẹni ń fa aṣọ ya ló ṣe dún, aṣọ ńlá, aṣọ gígùn, ó ń ya, ó ń ya, kò tán. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì lábẹ́ wa, ìlẹ̀kùn sì fo lẹ́yìn Kóòṣì bíi pé ẹnì kan wà nínú tó ń tì í. Eruku tú jáde lábẹ́ rẹ̀, òjò pa á. Nígbà tí a yọjú lójú fèrèsé, a rí ojú ọ̀run ní igun ọ̀tún. Irin àti páànù ti bo ibi tí àwọn àlejò jókòó sí. Àga tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àga mọ́.

 Obìnrin tó jẹ́ kóòṣì àwọn àlejò ń ka àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kà wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó wá síwájú Kóòṣì, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó sì ń sunkún. Ọ̀gá àgbà jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Ẹ̀rù tí kò bà wá nínú wá bà wá níta.  Bàbá onífìlà eérú yẹn ńkọ́? N ò rí i mọ́.

Òfin kò mọ òrùlé. Ìwé rẹfirí sọ pé àmì méjì ni wọ́n fi ṣíwájú wa, ó sọ pé kóòṣì wa fọn fèrè láìtọ́, ife sì bá àwọn àlejò lọ. Kóòṣì fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù láì gba ife kankan. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, ó ní ìlẹ̀kùn mẹ́fà. Bóòtì yẹn ló wà nínú àpótí gíláàsì báyìí. Wọ́n kó òkú eṣinṣin méjèèjì dànù, ó sì dùn mí díẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀. Bó bá wá sílé mi, ó ṣì ń wo àjà kó tó kí mi. Ó ṣì ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbé tèmi náà síbẹ̀.

Mo fi eyín búra níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń mì láti àná, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ohun kékeré kan ṣoṣo ni mo fi kún ìtàn yìí. Bàbá onífìlà yẹn, kò sí i. Kò sí fìlà eérú, kò sí ojú funfun, kò sí àpá. Ọ̀pá yẹn ló wà. Èmi ni mo ni ín.

Kóòṣì kò sọ ọ́ rí, fún ọmọ mi, fún ẹnikẹ́ni. Títí di òní, ó ṣì ń ṣí gbọ̀ngàn fún wa lọ́jọ́ Sátidé, bó bá sì fọn fèrè mẹ́ta, á wá mi rí láàárín àwọn arúgbó, á gbé ọwọ́ mi lé èjìká ẹni iwájú, òun náà á bọ́ sẹ́yìn mi, á gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé mi. A ó máa rìn lọ. Ọwọ́ náà ṣì máa ń gbọ̀n. N kì í sọ̀rọ̀. N kì í sáré.